Egungun Àga Ni Kẹ́ Ẹ Wò: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Àga Àlòkù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín nípa tábìlì tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kiri, tábìlì tí wọ́n fẹ́ fi dáná tẹ́lẹ̀ tó wá di ibi tá a ti ń jẹun nílé mi báyìí, ìbéèrè yín ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Mo ka gbogbo ẹ̀. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra, mo wá mú mẹ́fà tí mo rò pé ó máa kan èyí tó pọ̀ jù nínú yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi àtọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí rúùmù àti pálọ̀ kan ní Mọ́níyà, owó tó kù lọ́wọ́ wa ò lè ra àga tuntun. Ẹnì kan tó ń kó lọ sókè òkun fẹ́ ta àga kúṣìn ẹ̀, ó ní òun ò tíì lò ó ju ọdún mẹ́rin lọ, fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sì rẹwà gan-an. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dáa ká tó sanwó? (Ìyàwó Tuntun, Ìbàdàn)

Ìyàwó wa, ẹ kú oríire o, ilé yín á tù yín lára. Fọ́tò ò ṣeé jókòó lé, torí náà ẹ má san kọ́bọ̀ sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọ̀sán sì ni kẹ́ ẹ lọ, torí iná pálọ̀ lálẹ́ máa ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tètè jókòó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ yí àga yẹn dojú dé. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín rárá, owó yín lẹ fẹ́ ná. Ẹ máa rí aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n kàn mọ́ ìdí ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú igun kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni àga yẹn ti máa sọ òótọ́ fún yín. Egungun ẹ̀ lẹ fẹ́ rí. Aṣọ ara ẹ̀, awọ lásán ni, ẹ lè bọ́ ọ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ ní òmíì, àmọ́ àga tí egungun ẹ̀ bá ti jẹrà, owó tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe máa tó ra tuntun.

Tó bá jẹ́ igi gidi, ẹ máa rí ìlà igi tó lọ geere láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìrókò máa ń pọ́n bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò, ọ̀gànwó máa ń pupa, apá máa ń wúwo bí ẹni pé òkúta wà nínú ẹ̀. Arère funfun, ó sì fúyẹ́, òun lọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń fi ṣe inú àga kúṣìn torí wọ́n mọ̀ pé aṣọ máa bò ó. Kò burú tó bá gbẹ dáadáa tó sì nípọn, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èyí tí mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti rà ni àwọn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń pè ní MDF àti chipboard. Fún kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́nikẹ́ni ò ní gbé kiri, kò burú, àmọ́ fún àga tí èèyàn ń jókòó lé lójoojúmọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀, bómi bá kàn án lẹ́ẹ̀kan péré ńṣe ló máa wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, sikúrúù ò sì ní dúró nínú ẹ̀ mọ́.

Ẹ dá a dúró padà, kẹ́ ẹ wá di ẹsẹ̀ iwájú kan mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè bí ínǹṣì 6. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì bá bá a gbéra nílẹ̀, oríkèé ẹ̀ ṣì le. Bí ẹsẹ̀ kejì bá jókòó sílẹ̀ tí àga wá ń lọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ, oríkèé ti tú nìyẹn. Oríkèé tó tú ṣeé tún ṣe o, àmọ́ ẹ jẹ́ kó hàn nínú iye tẹ́ ẹ máa san.

Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ náà. Bẹ́ ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀, tí ihò wínníwínní sì wà lára igi, kòkòrò ṣì wà láàyè níbẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Ihò nìkan láìsí lẹ́búlẹ́bú lè jẹ́ ìjẹ àtijọ́, ìyẹn ò le. Bó bá jẹ́ ìlà yẹ̀pẹ̀ lẹ rí tó gun ẹsẹ̀ àga lọ sókè, ikán nìyẹn, ẹ kí onílé ó dàbọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ wá ti ọwọ́ bọ àárín tìmùtìmù, ẹ wo ojú ìrán ẹ̀ dáadáa bóyá ẹ máa rí àmì dúdú kéékèèké bíi tòǹtò báírò, ìgbẹ́ ìdun nìyẹn, mo máa sọ̀rọ̀ ìdun nísàlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá jókòó. Tí aṣọ bá ya, tí fóòmù bá ti rọ̀, ẹ má sọ pé ẹ ò rà mọ́, ìyẹn gan-an lẹ máa fi já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Àǹtí, ọmọ ọdún 27 ni mí. Bàbá wa àgbà ṣiṣẹ́ rélùwéè, àga kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé wa ní Lafẹ́nwá, apá ẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ife lè dúró lé e, ẹ̀yìn ẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, tìmùtìmù méjì ló ní, nọ́ńbà sì wà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀. Ó ti dúdú kirimú, apá kan sì ń mì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fín ọ̀dà kí wọ́n fín in ní funfun kó lè bá pálọ̀ tuntun mu. Ṣé kí n gbà? (Ọmọ Ọmọ Onírélùwéè, Abẹ́òkúta)

Àbúrò mi, lọ gbé àga yẹn sínú yàrá ẹ kó o tó ka ìyókù.

Bó o ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí, àga PWD ni mo gbà pé ó jẹ́. Public Works Department ìjọba òyìnbó ló máa ń kàn án fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, GRA, rẹ́sìtáúsì, àti kọ́tà, káfíńtà wa ló sì ń fọwọ́ ara wọn ṣe é, igi gidi, oríkèé tí wọ́n gbẹ́ bọ inú ara wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn rọ́ ìṣó sí. Ìdí nìyẹn tó fi wà títí di òní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n kun irú ẹ̀ ní ọ̀dà funfun tàbí wúrà nítorí ayẹyẹ ọjọ́ kan. Ẹ rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére nì, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní London lọ́dún 1924, British Museum ò fẹ́ kó padà wálé mọ́, àga oyè kan tí wọ́n kàn ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ẹ̀. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Ohun tí káfíńtà ilẹ̀ wa fọwọ́ ṣe, tí ọjọ́ orí ti kún un lára, mi ò rí ohun tuntun kankan tó ṣeé fi rọ́pò ẹ̀. Sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ pé bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ó dáa, iṣẹ́ yá. Dúdú tó ò ń rí yẹn, má rò pé àwọ̀ igi ni. Èéfín fìtílà ni, òógùn ọwọ́ ni, eruku ogójì ọdún ni. Po ọṣẹ díẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, fi kànrìnkàn rírọ̀ bọ̀ ọ́, fún un kó gbẹ dáadáa kó o tó fi nu igi, kó o sì fi àkísà gbígbẹ nù ún tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Má jẹ́ kí omi dúró lórí ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn àga kan wà tó jẹ́ pé fífọ̀ yìí nìkan ni wọ́n nílò, ẹ̀rí mi dájú lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà lo máa wá mọ irú ohun tí wọ́n fi kùn ún látilẹ̀wá. Mú òwú, fi sípírítì díẹ̀ sí i, kó o fi ra abẹ́ ìdí ẹ̀ níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní rí i. Bó bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, shellac ni, pólíìṣì àwọn àgbà, o ò nílò láti fá gbogbo ẹ̀, o lè fi sípírítì náà tún ojú ẹ̀ ṣe. Bí sípírítì ò bá ràn án, gbìyànjú tínà, bí tínà bá tú u, lákà ni. Bí méjèèjì ò bá rí i ṣe, fáníìṣì ni, sáńpépà ló kàn.

Bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń há tó, nọ́ńbà 120 ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, àfi tó bá bàjẹ́ gan-an lo fi máa lo 80, kó o wá bọ́ sí 180, kó o fi 240 parí ẹ̀. Máa tẹ̀lé ìlà igi lọ, má fá a ní ìbú láé. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo fá tábìlì ọ̀gànwó kan ní ìbú, kò hàn rárá nígbà tó gbẹ, àfìgbà tí mo fi fáníìṣì kan ojú ẹ̀ ni gbogbo ìlà náà jáde, bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á láti orí dé ìdí, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mo sì sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún un ṣe. Ohun mìíràn tún ni pé eruku ìrókò ò dáa fún imú àti ara, ó ń mú àwọn kan sín ṣáá, ó ń mú ara àwọn mìíràn yọ wíńníwínní, torí náà ìta ni kó o ti ṣe é, kó o wọ ìbòmú. Àwọn àgbà tó ní Olúwéré ń gbé inú igi yẹn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ìwọ náà má ṣe bẹ́ẹ̀.

Apá tó ń mì yẹn, má kan ìṣó sí i. Ìṣó máa la igi ni. Rọra fa oríkèé náà yọ, fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ inú ẹ̀ kúrò pátápátá torí gọ́ọ̀mù tuntun ò ní mú lórí ti tẹ́lẹ̀, wá fi Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, kùn ún, tì í padà, kó o fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tùbù kẹ̀kẹ́ wé e pinpin títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́. Àkísà tútù ni kó o fi nu èyí tó bá ṣàn jáde kó tó gbẹ.

Ìgbà tó o bá ti fá a tán, tó o ti nu eruku ẹ̀, o máa rí i pé ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, kò ní jọ ẹ lójú. Fara balẹ̀. Bu linseed oil, epo tí wọ́n fi ń kun igi, díẹ̀ sórí àkísà kó o fi kàn án lójú, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àwọ̀ ẹ̀ máa padà, ìlà inú igi á máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí òjò ń bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí ara mi ṣì máa ń gbọ̀n tí mo bá rí i. Jẹ́ kó mu epo náà fún ìdajì wákàtí, nu èyí tó kù sórí ẹ̀ kúrò, tún ṣe é lọ́la àti lọ́tùúnla. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, àkísà tó o fi epo yẹn sí, má ká a jọ, má sì jù ú sínú garawa pàǹtí, ó máa ń gbóná fúnra ẹ̀ débi tó fi lè gbiná láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Sá a sórí okùn níta kó gbẹ, tàbí kó o rẹ ẹ́ sínú omi.

Nọ́ńbà ìdí ẹ̀ yẹn, má fọwọ́ kàn án.

Rúmù dífáídà màmá wa gba ìdajì pálọ̀. Fọ́míkà ẹ̀ ń ṣí, dírọ́ọ̀ ẹ̀ ò sì ṣeé fà lásìkò òjò. Màmá ò fẹ́ ká jù ú nù, èmi náà ò sì fẹ́ bà wọ́n nínú jẹ́. Kí ni mo lè ṣe sí i? (Àkọ́bí, Òṣogbo)

Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn tí kò mọ rúmù dífáídà, tẹlifíṣọ̀n ní àárín, abọ́ tánganran tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun lẹ́yìn gíláàsì, fọ́tò ìgbéyàwó lókè. Mo mọ ìdí tí màmá fi kọ̀. Ẹ má gé e lójú wọn kẹ́ ẹ tó bá wọn jókòó sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe odindi kan, àpótí òkè ló jókòó lórí ti ìsàlẹ̀, sikúrúù mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló so wọ́n pọ̀. Ẹ tú u. Ìsàlẹ̀ máa di ibi tẹlifíṣọ̀n, òkè máa di ibi ìwé tàbí abọ́ tẹ́ ẹ máa fi rọ́lùbóòtù dè mọ́ ògiri, rọ́lùbóòtù o, kì í ṣe ìṣó lásán, torí abọ́ tánganran wúwo, ọmọdé sì máa ń fà nǹkan.

Fọ́míkà tó ń ṣí, tó bá jẹ́ etí nìkan, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i kẹ́ ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ awọ igi gidi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó tín-ín-rín bíi páálí sìgá, ẹ má fi ẹ̀rọ sáńpépà kàn án rárá, ó máa jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ tẹ́ aṣọ lé e, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, nígbà míì gọ́ọ̀mù àtijọ́ abẹ́ ẹ̀ máa yọ́, á sì tún mú padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ Abẹ́òkúta lè rò pé mo kórìíra ọ̀dà, mi ò kórìíra ẹ̀. Fọ́míkà àti pùláíwúùdù, ẹ kùn wọ́n tó bá wù yín, kò sí ohun tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣáà fi sáńpépà 180 ra ojú ẹ̀ kó má dán mọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó fi ti òkè lẹ́ẹ̀mejì.

Dírọ́ọ̀ tí kò ṣeé fà, òjò ló mú igi ẹ̀ wú, ẹ má fá a lásìkò òjò torí bí ọyẹ́ bá dé ó máa súnkì á sì máa jó láàlà. Ẹ fi àbẹ́là ra ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti abẹ́ ẹ̀. Àti lákà náà, ẹ dúró di ọ̀gbẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fín in, tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú ni, ojú ẹ̀ máa funfun bí ìgbà tí èèyàn mí sára gíláàsì.

Mo ra bẹ́ẹ̀dì àlòkù lórí fóònù, pákó ẹ̀ dáa gan-an, ọ̀gànwó ni. Ọjọ́ kẹta ni ìdun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá, ọmọ oṣù mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ ra oògùn tí wọ́n ń fi pa aáyán kí n fín in. (Ìyá Ọmọ, Ìkòròdú)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ọmọ. Ẹ má fín oògùn kankan síbi tí ọmọ ń sùn, ní pàtàkì àwọn tó ní dichlorvos nínú, NAFDAC ò ní torí eré fòfin de ìgò kékeré ẹ̀ láti 100ml wálẹ̀. Májèlé ni.

Fóòmù tó bá bẹ́ẹ̀dì yẹn wá, ẹ gbé e jù. Mo mọ̀ pé owó ni, àmọ́ fóòmù àlòkù ni ohun kan tí mi ò fọwọ́ sí pé kẹ́nikẹ́ni rà. Pákó ẹ̀ ṣeé gbà là. Ẹ tú u sí wẹ́wẹ́ níta, ẹ da omi tó ń hó sí gbogbo oríkèé, ihò sikúrúù, àti ibi tí pákó ti pàdé pákó, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ sá a sínú oòrùn títí á fi gbẹ. Ẹ má dì í padà lọ́jọ́ yẹn. Ẹyin ìdun lè pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ẹ tún da omi gbígbóná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo aṣọ ibùsùn, ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ sì má gbọ́ tẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn sí yàrá òfìfo kí ebi lè pa wọ́n kú, ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun.

Àbúrò mi, Peckham ni mò ń gbé. Mo rí àga Ercol méjì ní charity shop kan, ibi tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù táwọn èèyàn fi tọrẹ, igi ẹ̀ dán, àmọ́ ìjókòó ẹ̀ ti rì. Mo fẹ́ fi aṣọ òkè tàbí àdìrẹ bò ó, kí n sì kó wọn wálé lọ́jọ́ iwájú. Kí lo rí sí i? (Bàbá Ìbejì, London)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Àwọn Ercol yẹn, iṣẹ́ dáadáa ni. High Wycombe ni Lucian Ercolani ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1920, igi elm àti beech ni wọ́n sábà máa ń lò, egungun wọn kì í tètè bàjẹ́. Ohun tó rì yẹn, ìgbànú rọ́bà abẹ́ ìjókòó ni, ó máa ń gbó, ó máa ń là, á wá máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi gọ́ọ̀mù. Wọ́n ń ta tuntun níbẹ̀ pẹ̀lú irin ẹnu ẹ̀. Ẹ gé e kó kúrú ju àyè ẹ̀ lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá kó lè le tẹ́ ẹ bá fà á. Nílé níbí, tùbù mọ́tò làwọn tó ń rán àga máa ń gé fún irú iṣẹ́ yẹn, ó sì ń pẹ́.

Ẹ wo abẹ́ tìmùtìmù bóyá lébẹ́ẹ̀lì iná wà níbẹ̀. Òfin kan ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 1988 lórí àga àti iná, bẹ́ ẹ bá gé lébẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò, charity shop ò ní gbà á lọ́wọ́ yín mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tọrẹ. Bí fóòmù ẹ̀ bá ti wà ṣáájú òfin yẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ní ti aṣọ, mo fẹ́ràn èrò yín, àmọ́ ẹ má fi aṣọ òkè ṣe ìjókòó, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ ni, ojú ìrán ẹ̀ máa ṣí níbi tí èèyàn ń jókòó lé. Ẹ fi ṣe ẹ̀yìn, tàbí tìmùtìmù kékeré, kẹ́ ẹ fi aṣọ mìíràn tó le tẹ́ inú ẹ̀. Sányán yẹn, àwọ̀ ẹ̀ bíi ti yanrìn gbígbẹ, lórí igi elm, ó máa rẹwà gan-an. Àdìrẹ aláró gidi, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó rán an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á máa ran aṣọ àlejò. Ti kíkó wálé, Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà lè má gbà kí wọ́n kó àga wọlé, torí náà ẹ kọ́kọ́ bi aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fọkàn tán kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀ ojú omi. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ jókòó sórí ẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá mi papò dà lọ́dún tó kọjá. Àwọn àbúrò mi pín aṣọ, èmi mú àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé tí wọ́n bá ń dáná. Pákó lásán ni, ẹsẹ̀ kan ti là, ó dúdú, epo sì ti wọ̀ ọ́ lára. Mo fẹ́ kó wà ní pálọ̀ mi. Ṣé ó ṣeé tún ṣe? (Ọmọ Ìyá Ẹ, Ṣàgámù)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere.

Ó ṣeé tún ṣe, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó là yẹn, ẹ ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gúnni lábẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, ẹ fa Top Bond tẹ́ ẹ fi omi díẹ̀ là sínú ẹ̀, ẹ fi gún un wọ inú ibi tó là títí á fi yọ lódì kejì. Ẹ fi rọ́bà tùbù wé e pinpin, ẹ fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ àti abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi kànrìnkàn ra ibi tí epo ti di pátápátá, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòòji, kì í ṣe nínú oòrùn, kó má bàa tún là. Bó bá gbẹ, ẹ lè fi sáńpépà 180 fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi linseed oil kùn ún lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ òkè ẹ̀, àárín ibẹ̀ níbi tó ti jìn wọnú díẹ̀ tó sì dán, ibi tí màmá ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń gún iyán, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, àkísà gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ má fi sáńpépà kàn án.